Wọ́n Ti Yẹ Omi Náà Wò

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkùnrin yìí ti gba orúkọ tí gbogbo ìlú fi ń pè é, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ ìsàmì o. Pásítọ̀ ló wàásù wàásù lọ́jọ́ kan, ó wàásù débi pé àwọn ọmọdé sùn, wọ́n jí, wọ́n tún padà sùn. Ló bá nu òógùn ojú, ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ̀ ń gbádùn ọ̀rọ̀ náà?" Gbogbo ìjọ ké "Àmín!" bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí nìkan ló dìde láti ìlà ẹ̀yìn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "A gbádùn rẹ̀ sà, àmọ́ ebi ti ń pa wá."

Ẹ̀rín sọ. Pásítọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín títí Bíbélì fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Olóòótọ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi.

Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Tí tọkọtaya bá ń jà, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Olóòótọ́ wá. Tí ẹnì kan bá búra tí wọn ò gbà á gbọ́, á ní, "Ó dáa, ẹ lọ bi Olóòótọ́." Ìyá tó bí i ló sì ń gbádùn orúkọ náà jù. Bí ẹ bá kí ìyá pé ẹ kú àárọ̀, á dá yín lóhùn pé, "Ìyá Olóòótọ́ ń kí yín."

Ìyá náà ní orúkọ tiẹ̀. Màmá Olómi ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú omi tí ìjọ ń mu lẹ́yìn ìsìn. Ní ọ̀sán Sátidé, á gbé ìkòkò ńlá kaná nílé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, á se omi náà títí á fi hó yaayaa, á jẹ́ kó tutù, á rọ ọ́ sínú jọ́ọ̀gì, á sì fi aṣọ funfun bò ó. Tí ìsìn bá ti parí, ife omi tútù kan fún onílé, ife kan fún àlejò. Ó ní Jésù ti ṣèlérí èrè fún ẹni tó bá bu omi tútù fún èèyàn mu, òun ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já èrè òun gbà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan jọ́ọ̀gì ìyá láìgba àṣẹ, ó fẹ́ mọ bí ojú ìyá ṣe ń rí nígbà tí kò bá rẹ́rìn-ín ni.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í kún inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Olóòótọ́ ti wà nílé láìníṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ gbé ilé ró. Ẹ̀rọ náà ń dún lọ́sàn-án, ó ń dún lálẹ́, tó fi jẹ́ pé tó bá dákẹ́, àwọn ìbejì wọn á béèrè pé, "Màámi, ṣé kò sí wàhálà?" Àfi lọ́jọ́ kan tí Alága ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ pe Olóòótọ́.

"Agbẹnusọ tí mo ní tẹ́lẹ̀," Alága ní, "tó bá sọ fáráyé pé oòrùn ti yọ, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé. Ìwọ ni mo fẹ́. Tó o bá sọ̀rọ̀, ìlú á gbà."

Olóòótọ́ dúpẹ́ títí ó fi fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Màmá Olómi ra rédíò tuntun, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n gbádùn iṣẹ́ náà fúngbà díẹ̀. Olóòótọ́ á ní títì báyìí máa wà ní títì pa, títì á sì wà ní títì pa. Á ní ọjà máa ṣí, ọjà á sì ṣí. Àfi ìgbà tí àìsàn dé àdúgbò ìsàlẹ̀. Inú ń run tibí, tọ̀hún ń ṣu gbuuru, ọmọ ẹlòmíì ń bì. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ń rùn. Ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn tó ń yẹ omi wò jáde. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Alága pe Olóòótọ́ wọlé, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó. Wọ́n ti yẹ omi náà wò."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ni wọ́n rí, sà?"

Alága gbójú sókè wo àjà, bíi pé ibẹ̀ ni èsì wà. "Páìpù ńlá kan ló bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Omi gọ́tà ń wọnú ẹ̀. Ẹni tó bá sè é kó tó mu ún, kò séwu. A máa tún un ṣe."

"Ìgbà wo, sà?"

"Lẹ́yìn ìdìbò ni. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ títì báyìí, gbogbo ayé á mọ̀, àwọn tó fẹ́ gba ipò yìí á sì sọ ọ́ dorin. Lọ sọ lórí rédíò pé omi dára."

Olóòótọ́ dìde dúró. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọmọ Ọlọ́run ni mí. Mi ò lè purọ́."

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé pa lẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó o purọ́? Èmi náà, ṣé ọmọ èṣù ni mí? Òótọ́ ni kó o sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣa èyí tí kò ní da ìlú rú níbẹ̀." Ó fọwọ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Tí kò bá sì rọrùn fún ẹ, àwọn tó fẹ́ jókòó sórí àga rẹ pọ̀ níta."

Olóòótọ́ padà sí yàrá rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ létí, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ò sí nítòsí. Ó mú gègé. Ó kọ "Omi dára", ó pa á rẹ́, irọ́ ni. Ó kọ "Kò séwu", ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ṣa òkúta nínú ìrẹsì, títí ó fi kù sí èyí: "Ẹ̀yin ará ìlú, àwọn onímọ̀ ti yẹ omi wa wò fínnífínní. Ìjọba yín ò ní fi ìlera yín ṣeré. Ẹ má fòyà."

Ó tún un kà. Wọ́n ti yẹ omi wò: òótọ́ ni. Ìjọba ò ní fi ìlera ṣeré: ìrètí ni, ìrètí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má fòyà: ó wà nínú Bíbélì ní oríṣiríṣi ibi, ta ló máa pe ìyẹn nírọ́? Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gba àárín òjò kọjá tí aṣọ rẹ̀ ò tutù.

Ló bá kà á lórí rédíò, pẹ̀lú ohùn tó rinlẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú gbọ́. Ìlú mí kanlẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ṣí ẹ̀rọ omi nílé ìdáná, ó bu omi, ó gbé e sẹ́nu. Kí ife tó kan ètè, bàbá rẹ̀ ti fò débẹ̀, ó já a gbà, ó dà á nù. Ọmọ bú sẹ́kún. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Bàbá Ìbejì, kí lọmọ ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Omi yẹn ni. A máa sè é ká tó máa mu ún."

Ìyàwó rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. "A máa sè é. Ẹ̀yin tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sàn-án ńkọ́? Àbí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ohùn ẹ̀ jọ tiyín ni?"

"Mi ò sọ pé ó dára."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọ́n wá rí kí ni?"

Olóòótọ́ gbé kẹ́tùlù kaná. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ń ká a díẹ̀díẹ̀. "Háà, olówó orí mi. Ẹ ò bí irọ́ lọ́mọ o. Ẹ kàn ń bá wọn pọ̀n ọ́n ni."

"Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ kí n padà wá jókòó sílé ni?"

Obìnrin náà fi ìyẹn sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ní, "Màámi ńkọ́? Ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

"Màámi? Màámi ti ń se omi kí wọ́n tó bí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Tí mo bá sì sọ ọ́ fún Màámi báyìí, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́."

"Ẹ pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Màá pè wọ́n."

Kò pè wọ́n. Mọ́ńdè lọ, Túsìdeè lọ. Ohun kan ni kò jẹ́ kó gbádùn: àdúrà rẹ̀ ò lọ geerege mọ́. Tó bá kúnlẹ̀, á ní, "Olúwa, o mọ̀ pé mi ò purọ́," á wá rí i pé bóun ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ náà lòun ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, òun ń ṣa ọ̀rọ̀. Á dìde láìṣàmín.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Lọ́jọ́ náà, Alága fúnra rẹ̀ wá sí ìjọ wọn láti dúpẹ́, bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń rántí Ọlọ́run tí ìdìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn. Ìlà iwájú ni wọ́n fi í sí. Olóòótọ́ ló máa ń ka ìfilọ̀ ní ìparí ìsìn, torí náà ẹ̀gbẹ́ gbohùngbohùn ló jókòó sí, ibi tí ojú rẹ̀ ti ń tọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí àwọn akọrin ṣe ń kọrin lọ́wọ́, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń to jọ́ọ̀gì sórí tábìlì, aṣọ funfun lórí wọn. Gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe máa ń rí. Ìkòkò ńlá nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀. Orí pẹpẹ ìkóǹkansí ló wà, wọ́n dojú ẹ̀ dé, eruku ti bò ó.

Ó yọ́ wọ ilé ìdáná. Ó fọwọ́ ra ìdí ìkòkò náà. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Màámi, ibo lẹ ti se omi?"

"Sè kí ni?" Inú ìyá ń dùn, ó ń nu ife. "Ṣebí ìwọ lo ti sọ ọ́ lórí rédíò. Àwọn ìyá ìjọ fẹ́ sè é o! Mo ní ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò níbẹ̀. Mo ní ẹni tó bá se omi yìí, ọmọ mi ló pè ní òpùrọ́ yẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí lèmi fẹnu gbà á láti ẹnu ẹ̀rọ, lójú àwọn aládùúgbò, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyá ẹ gbà ẹ́ gbọ́."

Olóòótọ́ na ọwọ́ sí jọ́ọ̀gì. "Màámi, ẹ dà á nù."

"Ó ṣe jẹ́? Ṣé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni wọ́n wá rí?"

Ìbéèrè náà ló tún dé yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti bi Alága, ìyàwó rẹ̀ ti bi í, ìyá rẹ̀ ló tún ń bi í yìí. Gbogbo ìlú tó kù ò béèrè ní tiwọn, torí orúkọ Olóòótọ́ ni wọ́n gbọ́. Ìyá wò ó títí, ife kan lọ́wọ́ ọ̀tún, aṣọ ìnufe lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì ń rá díẹ̀díẹ̀ bí iná àtùpà tí epo ẹ̀ ti tán.

Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn olùgbàlejò ti wọlé, wọ́n ti gbé jọ́ọ̀gì, wọ́n ti jáde. Ẹ wo wàhálà! Ó sáré tẹ̀ lé wọn. Pásítọ̀ ti bu ife àkọ́kọ́, ó gbé e lé Alága lọ́wọ́. "Alága wa, ẹ kọ́kọ́ mu, kí ìjọ tó mu."

Alága di ife mú. Ó wo omi. Omi wò ó. Gbogbo ìjọ na ọrùn bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ àti ti agbẹnusọ rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"Ẹ̀yin ará," Alága ní, "inú mi ì bá dùn láti mu ún. Àmọ́ inú ààwẹ̀ ni mo wà. Mo ń gbààwẹ̀ nítorí ìlú yìí."

"Halelúyà!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tiẹ̀ sọ pé irú èèyàn báyìí ló yẹ kó máa ṣàkóso wa títí Jésù á fi dé.

Olóòótọ́ dé ibi gbohùngbohùn. Ó ń rò ó lọ́kàn: bí òun bá dúró díẹ̀, kí Alága kọ́kọ́ lọ, òun lè yọ́ sọ fún wọn ní jẹ́jẹ́. Kí ìtìjú má pọ̀. Kí iṣẹ́ má bọ́. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ báyìí, ọmọbìnrin kékeré kan ní ìlà kejì gba ife tiẹ̀, ó gbé e mu títí dé ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹ fún mi sí i."

"Ẹ má mu omi yẹn!"

Ariwo náà jáde láti inú gbohùngbohùn bí ààrá. Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ akọrin kan.

"Ẹ gbé ife sílẹ̀," Olóòótọ́ ní. Ohùn rẹ̀ ò rinlẹ̀ mọ́. "Mo ní wọ́n ti yẹ omi wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rí ni mi ò sọ fún yín. Páìpù ti bẹ́, omi gọ́tà ti wọnú ẹ̀. Láti Mọ́ńdè ni mo ti mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Nílé tèmi, sísè là ń sè é."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló bà wọ́n nínú jẹ́ jù. Káfíńtà ìjọ dìde, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí kò gbé ohùn sókè rí. "Nílé tìẹ?" ó ní. "Nílé tìẹ, Olóòótọ́? Ìyàwó mi ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́bọ̀. O ní kí n má fòyà. Mi ò fòyà. Omi yẹn náà ni mò ń bù fún un pé kára lè tù ú."

Alága dìde, ó tún aṣọ ṣe. "Ẹ má dá a lóhùn. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ó ti rẹ̀ ẹ́. Omi wa ò ní ìṣòro kankan."

Ìgbà náà ni Màmá Olómi jáde láti ilé ìdáná. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ó rìn lọ bá Alága, ó gbé ife tó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí obìnrin tó gba ẹ̀kọ́ ilé.

"Alága wa, omi rèé, níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní ìṣòro. Ẹ fi ṣínu. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀."

Alága wo ife. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ń dúró de òun níbòmíràn. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀ sí Olóòótọ́ létí, ó ní, "O káre. Má wulẹ̀ wá lọ́la."

Màmá Olómi gbé jọ́ọ̀gì rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà wọ́n nù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ìjọ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ títì. Ariwo ìlú ló lé wọn débẹ̀. Pásítọ̀ wá sílé Olóòótọ́, ó gbàdúrà fún un, ó ní ẹni tó jẹ́wọ́ á rí àánú gbà. Àmín ni. Ṣùgbọ́n tí káfíńtà bá rí i lójú ọ̀nà, òdìkejì títì ló ń bọ́ sí. Ìyàwó káfíńtà ti dìde, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tún padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Màmá Olómi ni àìsàn náà wá dá dùbúlẹ̀. Ní ọsibítù, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ. Dókítà ní ara rẹ̀ á yá, àmọ́ kó máa mu omi dáadáa. Olóòótọ́ gbé kẹ́tùlù láti ilé wá, ó se omi ní ilé ìdáná ọsibítù, ó jẹ́ kó tutù, ó bù ú sínú ife, ó gbé e wọlé.

"Màámi, omi rèé."

Ìyá wo ife náà. "Ṣé wọ́n sè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Èmi fúnra mi ni mo sè é. Ó hó yaayaa."

"Mo gbọ́, ọkọ mi." Kò na ọwọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, ìyẹn ló sì dun ọmọ rẹ̀ jù. "Ìyàwó ẹ dà? Ní kó wọlé."

Olóòótọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, omi yìí, ṣé wọ́n sè é?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó gbójú kúrò kíá. "Wọ́n sè é, Màámi. Ojú mi ló ṣe."

Ìyá gba ife, ó mu ún tán, ó dá ife padà, ó yíjú sí ògiri, ó ń tòògbé.

Olóòótọ́ gbé ife náà dání díẹ̀. Ó padà sílé ìdáná, ó bu omi tuntun sínú kẹ́tùlù. Kó tó tan iná, ó yọrí síta, ó ní kí ìyàwó òun jọ̀ọ́ wá dúró ti òun, kó máa wò ó títí á fi hó.